Sùwéébátù Kọ̀, Kò Sọ̀kalẹ̀ Lórí Odán

Ìjì tó jà ní àdúgbò Asawase lọ́jọ́ náà kì í ṣe ẹgbẹ́ ìjì tí ẹ mọ̀. Ó ká páànù orí ilé bí ẹni ká ẹní. Ó gbé ewúrẹ́ Fuseina ará àdúgbò fò kọjá mọ́sálásí, ó lọ sọ ọ́ sílẹ̀ ní Sawaba, àdúgbò kejì, àwọn tó rí i níbẹ̀ sì búra pé ewúrẹ́ náà ò dẹ́kun jíjẹ èèpo ẹ̀gẹ́ ẹnu rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó lọ bá ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó dun Sùwéébátù jù ni ẹ̀ka odán àgbàlá wọn tó ya lulẹ̀, tòun ti àwọn ewéko tó ń gbé lórí rẹ̀.

Obì ni Sùwéébátù ń tà ní ọjà Kejetia láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, inú igbó ló sì ti máa ń rà á. Bí àwọn agégẹdú bá gé igi ńlá lulẹ̀ níbẹ̀, ó máa ń ṣa àwọn ewéko orí igi náà kí oòrùn tó pa wọ́n: èyí tí ewé rẹ̀ là bí ìwo àgbọ̀nrín, àti olódòdó funfun tó ń ta sánsán bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Á fi àpò obì kó wọn wálé, á fi àkísà gèlè dè wọ́n mọ́ odán. Nígbà tó yá, orí odán di ìlú.

Àbúrò rẹ̀, Àlàájì Sàlísù, olórí agbo ilé, ò fẹ́ ìlú kankan lórí igi. Ẹni tó bá dàgbà sídìí òwò obì mọ ohun tí àfòmọ́ ń ṣe: á ki gbòǹgbò bọ inú ẹ̀ka, á mu omi rẹ̀, igi obì á gbẹ. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ Sàlísù pé ohunkóhun tó bá hù lórí igi, kó ha á dànù. Bí ìjì ti rọ̀, ó pe Àfísù tó ń fi ayùn ẹlẹ́ńjìnnì gé igi.

"Ha gbogbo wọn kúrò. Ẹ̀ka tó bá ṣòro ha, gé e. Àwọn ló wúwo tí ìjì fi rí igi ṣẹ́."

Kí Àfísù tó fa okùn ayùn, Sùwéébátù ti wà lókè. Àwọn kan ní àkàbà ló gùn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa ní ó fò ni. Ó jókòó sórí ẹ̀ka, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó wà nídìí igbá obì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀. Àwọn èèyàn ń wò wá."

"Kí wọ́n wò ó yó! Sàlísù, ta ló gé ẹ̀ka ìhà títì nítorí kòntéénà ìtajà rẹ̀?"

Àlàájì yíjú sí kòntéénà náà.

"Ìwọ ni! O gé e, oòrùn ráyè, àwọn tó wà níhà ibẹ̀ gbẹ. O ṣílẹ̀kùn fún ìjì, ìjì wọlé, o wá ń mú àwọn tó sùn sínú ilé lólè."

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọn ò ní gbòǹgbò nílẹ̀. Àjèjì ni wọ́n. Wọ́n ń mu ẹ̀jẹ̀ igi."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni ì bá má sọ. Sùwéébátù dìde dúró lórí ẹ̀ka.

"Àjèjì? Lọ́dún 1969 tí ìjọba ibí ní kí àjèjì máa lọ, tí a wọ lọ́rì lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀yìn mi lo wà! Gbòǹgbò wo lo ní nígbà yẹn? O rọ̀ mọ́ mi báyìí gẹ́lẹ́, ṣé mo kú? Ṣé o mu ẹ̀jẹ̀ mi? Ìtọ̀ nìkan lo tọ̀ sí mi lẹ́yìn!"

Àgbàlá bú sẹ́rìn-ín.

"Àfísù, tan ayùn!"

"Daabi, ó tì o, Àlàájì." Àfísù gbé ayùn sílẹ̀. "Màámá wà lókè. Mi ò tan nǹkan kan."

Inú bí Àlàájì. Ó ká jalábíà rẹ̀ sókè, ó gun àkàbà láti lọ fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sílẹ̀. Bó ṣe gbé ẹsẹ̀ kejì lé ẹ̀ka, Sùwéébátù bẹ ìsàlẹ̀ wò.

"Àfísù, gbé àkàbà yẹn kúrò!"

Àfísù gbé e kúrò. Àlàájì gbá igi mọ́ra, ó di ojú, ó ń ka gbogbo àdúrà tó mọ̀, ó tún ka èyí tí kò mọ̀ mọ́ ọn.

"Lajú. Fi ọwọ́ síbí."

Sùwéébátù ti ká ìdí ewéko oníwo kan sókè díẹ̀. Àlàájì ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀. Ewé jíjẹrà ló bà níbẹ̀, ó tutù minimini, èèrà kan sì sáré gun apá rẹ̀. Èèpo igi tó wà lábẹ́ rẹ̀ pé, kò sí ihò kankan. Ọmọ olóbì ni Àlàájì, ó mọ ojú àpá àfòmọ́. Ó wá a títí, kò rí i.

"Kì í ṣe àfòmọ́," ló wí, bí ẹni tí eegun há lọ́fun.

"Mi ò gbọ́."

"Mo ní kì í ṣe àfòmọ́!"

"O ṣeun. Àwọn ewéko tó wà nílẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní kó gbé àkàbà wá. Wọn ò ní pẹ́ pèrun alásárì."

"Kí wọ́n pè é. Àwọn ewéko yẹn ló máa kọ́kọ́ gòkè kí o tó sọ̀kalẹ̀."

Ó ju okùn sílẹ̀. Àfísù so àwọn ewéko tó jábọ́ mọ́ ọn, Sùwéébátù fà wọ́n sókè, ó fi eyín ya àkísà gèlè tó wé mọ́ ìbàdí rẹ̀.

"Di èyí mú mọ́ igi kí n so ó. Ọwọ́ méjèèjì!"

"Tí mo bá fi igi sílẹ̀, màá já bọ́!"

"Fi ẹsẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn."

Ìpèrun dún láti mọ́sálásí. Àlàájì Sàlísù fi ẹsẹ̀ méjèèjì rọ̀ mọ́ odán, ó di ewéko mú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń so ó.