Ọjọ́ Tí Àwọn Àna Mi Dúró Sí Òdìkejì Odò

Afárá àtijọ́ tó wọ àdúgbò wa ní Mowe ti ń mì láti ìgbà tí ìyàwó mi ṣì wà láyé. Bí mọ́tò bá ń bọ̀, àwa tí a ń fẹsẹ̀ rìn á dúró kó kọjá ná. Nígbà tí wọ́n wó o láti kọ́ tuntun, èmi tí mo jẹ́ káfíńtà àdúgbò ni wọ́n ní kí n kan pákó tí wọ́n máa da kọnkéré sí.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Mo ti fi ọjọ́ Sátidé kan sílẹ̀ kí ẹbí ọkọ rẹ̀ wá láti Ifọ̀ wá tọrọ rẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n gba orí afárá tuntun wọlé.

Òjò dá iṣẹ́ dúró. Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Sátidé náà ni wọ́n tó da kọnkéré. Òjò náà ló gbé pákó tí wọ́n tẹ́ sórí odò fún wa lọ, a wá ń gba inú omi. Kò ju orúnkún lọ.

Mo kọ ọ́ sára pátákó pé, "Ẹ má tẹ̀ ẹ́." Mo ti lé ní ogójì ọdún kí n tó kọ́ ìwé, ìyàwó mi ló lé mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú di ohun tí mo bá kọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó wá dúró ní ipò ìyá ọmọ, ní kí n ṣí ọ̀nà fún àlejò. Mo ní kọnkéré ò tíì gbẹ. Ó wò mí títí.

"Ṣé kọnkéré lo bí ni, àbí ọmọ?"

Ẹ̀rù bà mí. Bí wọ́n bá bínú padà sí Ifọ̀, èmi ni mo ba ọjọ́ ọmọ mi jẹ́.

Wọ́n dé. Bàbá ọkọ, àgbàlagbà onírùngbọ̀n funfun, ka pátákó náà, ó sì béèrè láti òdìkejì pé ta ló kọ ọ́. Mo ní èmi ni. Ó rẹ́rìn-ín.

"Àna wa, ẹni tó lè ṣọ́ kọnkéré báyìí, ó dájú pé ó ti ṣọ́ ọmọ rẹ̀."

Ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ sórí iyanrìn lọ́hùn-ún. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ ṣíji bojú, ó ní òun ò rí i bóyá àyà wọn kan ilẹ̀. Wọ́n tún un ṣe. Ó ní ti ẹni ìkẹ́yìn ò tíì kàn án. Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta.

Lẹ́yìn náà ni ọkọ ká ṣòkòtò sókè, ó pọn bàbá rẹ̀, ó sì gba inú omi wá. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e, iṣu lórí, bàtà lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní kò sídìí fún ìtìjú mọ́, gbogbo wa ti rí ojúgun ara wa.

Kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé, mo ti tú pákó tí mo kàn sábẹ́ kọnkéré. Kò sí ojú ẹsẹ̀ kankan lórí afárá náà. Ọmọ mi gbà á kọjá, àpótí rẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ, wọ́n ń lọ sí Ifọ̀. Mọ́tò kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọn ò dúró. Afárá náà ò mì.