Ohun tí Bàbá fi kún ẹrù ìrìn-àjò mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ara mi ò tíì balẹ̀ láti àárọ̀.

Ọ̀la ni mo fẹ́ gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, kí n wọkọ̀ ní gáréèjì Ìwó, ó di Àbíjàn. Ogún ọjọ́ gbáko. Mo ti ṣírò ẹ̀ sínú ìwé: ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà lójúmọ́, oúnjẹ, ibùsùn, owó ọkọ̀.

Mo kà á fún Bàbá mi. Àfáà ni wọ́n, wọn kì í ṣàwàdà.

Wọ́n ní, "O ṣírò dáadáa, ṣùgbọ́n ó ku nǹkan kan."

Wọ́n wọ yàrá, wọ́n gbé aṣọ funfun kan jáde, ọ̀pá márùn-ún.

"Owó oúnjẹ, ojoojúmọ́ ni. Tèyí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Bí ọlọ́jọ́ bá dé lọ́hùn-ún, kí wọ́n má máa wá aṣọ tí wọ́n máa fi sin ọ́ kiri."

Mo ní, "Bàbá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀!"

"Òun ni mo gbé lọ Mẹ́kà. Mo gbé e bọ̀. Ìwọ náà, gbé e bọ̀ fún mi."

Mo ti yọ ẹ̀wù méjì kúrò nínú báàgì kó lè wọlé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rìn jìnnà rí, ṣé kí n gbé e, àbí kí n kúkú jókòó sílé?