Fìlà Tuntun Tí Ajá Ò Dá Mọ̀

Ìyàwó mi yára ránṣọ débi pé abẹ́rẹ́ rẹ̀ máa ń làágùn. Ojú mi ló ṣe! Lọ́dún kan, oríkèé ọwọ́ rẹ̀ wú, kò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń lé àrùn ló ń bá oríkèé jà, torí èròjà kan níbẹ̀ ti pààrọ̀ ìrísí, wọn ò dá a mọ̀ mọ́.

“Bíi ti ajá wa,” ni ìyàwó mi wí, “tí kò dá Bàbá wọn mọ̀, tó fa fìlà tuntun orí wọn ya?”

“Gẹ́lẹ́, Màmá!” ni dókítà dáhùn. “Oògùn yìí la ó fi so ajá náà mọ́lẹ̀.”

Lóṣù kẹrin tó ti ń lo oògùn náà, òwú wọ abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

“Bàbá wọn, ẹ gbé fìlà yẹn wá!”

Òun ló wà lórí mi yìí. Ẹni tó bá rí ojú ibi tó ti ya, kó wá fi hàn mí.