Jẹ́sì Mọ́kànlá Lórí Irin Fàráńdà

Ìyálé ni àwọn agbábọ́ọ̀lù ń pè é, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin onírùngbọ̀n ni. Òun ló ń fọ aṣọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ọkùnrin orílẹ̀-èdè wọn, òun ló ń lọ̀ ọ́, òun náà ló sì máa ń pariwo bí ẹnikẹ́ni bá sọ ìbọ̀sẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò fọkàn tán ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ká sòótọ́, kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni.

Níbi ìdíje eré ìdárayá àgbáyé kan, àtòmùwẹ̀ àtoníjàkadì, inú ọgbà kan ni wọ́n kó gbogbo wọn sí. Ilé tó kọjú sí tiwọn gan-an ni àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n máa bá gbá bọ́ọ̀lù wọ̀ sí. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́, akọ́nimọ̀ọ́gbá fi ọmọ tuntun kan sí ọwọ́ òsì láti fi ya àwọn alátakò lẹ́nu. Fèrè ò tíì dún tán tí ẹni méjì ti lẹ̀ mọ́ ọmọ náà bí àtè. Ọ̀mì ni wọ́n ta. Nínú ìkejì, wọ́n tún ààtò wọn ṣe, àwọn alátakò tún ti mọ̀. Ọ̀mì tún ni.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá pe àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jọ, ó ní ẹnì kan ń tú àṣírí. Ìkẹta di dandan kí wọ́n borí, kí ìyẹn sì tó dé, òun á dá ọ̀dàlẹ̀ náà padà sílé.

Ìyálé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ gbogbo wọn. Ó kọ́kọ́ fura sí dókítà, nítorí ẹ̀rín onítọ̀hún ti pọ̀ jù. Àmọ́ Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀, tó ń wọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù lára, tí òun pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń sun yàrá kan, ló wá fura sí jù. Bí fóònù rẹ̀ bá ti gbọ̀n, ó di ọ̀dẹ̀dẹ̀, ohùn rẹ̀ á sì lọ sílẹ̀ bíi ti ẹni tó jí ẹran jẹ. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ṣebí ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ìyálé lọ fẹjọ́ sùn.

Ní ọ̀sán tó ṣáájú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kẹta, wọ́n ní kí Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Kò bẹ̀bẹ̀. Ó ń ká ṣòkòtò rẹ̀.

"Ìwọ lo lọ sọ fún wọn, àbí?"

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ lóde?"

"Ìyẹn ò kàn ẹ́."

Ìyálé gbé garawa rẹ̀, ó bọ́ sí fàráńdà. Bó ṣe máa ń ṣe é nìyí: bí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá ti dárúkọ àwọn tó máa gbá bọ́ọ̀lù fún un, á fọ jẹ́sì tiwọn nìkan, á sì sá a sórí irin bí wọ́n ṣe máa dúró lórí pápá, ti aṣọ́lé lápá kan, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Bí ọ̀kan bá sọnù, ojú rẹ̀ á tètè rí àlàfo. Ó sì máa ń kọ ẹ̀yìn wọn síta kí oòrùn lè mú nọ́ńbà gbẹ.

Ó ń sá a lọ nígbà tó rí ọkùnrin kan ní fàráńdà òdìkejì, tó wọ kóòtù àwọn alátakò ọ̀la. Ọkùnrin náà ń mu tíì, ó ń na ìka sí jẹ́sì kan tẹ̀ lé òmíràn, ẹnu rẹ̀ ń mì. Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Ọkùnrin náà wọlé, ó fa kọ́tìnnì.

Ìyálé yíjú wo ohun tó sá. Ara rẹ̀ tutù ju aṣọ ọwọ́ rẹ̀ lọ.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Ó ní ṣé Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ti bẹ̀ ẹ́ ni. Nígbà tó fojú ara rẹ̀ rí i tí kọ́tìnnì òdìkejì ń mira díẹ̀díẹ̀, ó yíjú sí Ìyálé.

"Ta wá ni kí n dá padà?"

"Èmi ni, ọ̀gá."

"Ta ló máa fọṣọ?" Ó mí kanlẹ̀. "Ká parí ìdíje ná. Mú mẹ́rin ti ọwọ́ òsì kúrò níbẹ̀, kó o fi ti àwọn tó máa jókòó síta rọ́pò wọn."

Ìyálé ṣe bẹ́ẹ̀, ló bá sáré sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ ti ń dúró. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé báàgì Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ jáde nínú búùtù. Ó ní aṣọ òun ló ń ṣòfófó, pé kó má bínú. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ kàn jẹ́ kó ru báàgì náà padà gun àtẹ̀gùn.

Lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ ọ̀tún ni àwọn alátakò kó ènìyàn jọ sí. Ọwọ́ òsì ṣí sílẹ̀ gbayawu, ọmọ tuntun yẹn sì gba ibẹ̀ lọ jẹ góòlù kan ṣoṣo.

Nígbà tí wọ́n padà sí yàrá, fóònù Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ gbọ̀n. Ó dìde, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ìyálé kọjú sí ògiri, ó fi ìrọ̀rí bo etí méjèèjì. Ó ti búra pé òun ò ní fetí sí i mọ́, àmọ́ ó rọra fa ìrọ̀rí kúrò ní etí ọ̀tún.