Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n Mi Ṣì Wà Lókè

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ha dígí awò ojú ní ṣọ́ọ̀bù kan. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á fọwọ́, á jókòó sí pálọ̀, á sì gbé sẹ́lò rẹ̀, gòjé ńlá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó èèyàn, sáàárín orúnkún. "Pósí tó ń sunkún" ni Màmá ń pè é. Sẹ́lò gba igun kan, ìwé mi gba ìkejì, Màmá sì ń fẹ̀gbẹ́ rìn bí alákàn nínú ilé ara rẹ̀.

Nígbà tí eré orin ẹ̀gbọ́n mi kù sí dẹ̀dẹ̀, Màmá ní: "N ó wá wo eré yín yẹn. Bí mi ò bá rí nǹkan kan níbẹ̀, pósí yẹn á jáde nílé mi."

Orin tuntun ni, ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn mẹ́ta péré ló ń ta á. Ẹni tó kọ ọ́ ní òun fi ń pe àwọn ẹ̀mí tí a kò rí ni. Èmi tí mo kàwé ni wọ́n ní kí n kọ àlàyé rẹ̀ sínú ìwé pélébé tí àwọn òǹwòran máa mú. Mo kọ ọ́ débi pé kò yé èmi náà dáadáa: "Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni ilẹ̀kùn tí ẹ̀mí ń gbà wọlé." N kò lọ síbi ìdánrawò wọn rárá. Kí ni mo fẹ́ wá débẹ̀?

Lálẹ́ eré náà, mo jókòó ti Màmá. "Màmá, n ó máa túmọ̀ rẹ̀ fún yín."

"Ọ̀mọ̀wé, panu mọ́."

Orin náà ru sókè, ó sì dákẹ́ lójijì. Kí gbogbo ayé lè rí i pé mo mọ ibi tó parí sí, mo dìde, mo pàtẹ́wọ́. Èmi nìkan. Ó ń dún bí ẹni ń lé adìẹ.

Màmá fà mí láṣọ. "Jókòó jàre! Ṣé o ò rí i pé ọwọ́ ẹ̀ ṣì wà lókè ni?"

Lóòótọ́, ẹ̀gbọ́n mi gbé ọ̀pá tó fi ń ta gòjé sókè, ó tẹjú mọ́ ọn bí ìgbà tó ń wá ojú ibi tó fara ha lára dígí. Kò wò mí. Gbogbo yàrá pa lọ́lọ́. Ó wá rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí okùn. Ohùn tín-ín-rín kan jáde, irun ara mi dìde. Màmá kò fi aṣọ mi sílẹ̀ títí ó fi tán.

Nílé, ẹ̀gbọ́n mi di sẹ́lò rẹ̀ mú gírígírí. "Màmá, ṣé ẹ rí nǹkan?"

"Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀mí kankan wá. Àmọ́ ibi tó o dáwọ́ dúró yẹn, èmi náà ò lè mí." Ó yíjú sí mi. "Ọ̀mọ̀wé, ìgbà wo lo máa kó ìwé ẹ kúrò ní pálọ̀ mi?"

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni wọ́n wà báyìí, pẹ̀lú àlàyé tí ẹnikẹ́ni ò mú lọ. Orí gbogbo ìmọ̀ mi ni mo ń sùn.