Àlùmọ́gàjí Uncle Saubana

Bí a bá dárúkọ Uncle Saubana láàárín àwọn Yorùbá tó ń gbé gúúsù Atlanta, ìtàn "Now" ni gbogbo ẹnu kọ́kọ́ máa ń sọ. Àwọn kan ní Fairburn ló ti ṣẹlẹ̀. Wọ́n ń ṣì í sọ. Ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Stockbridge ni, lọ́jọ́ tí John, aládùúgbò rẹ̀, lọ dúpẹ́ ilé tuntun. Mùsùlùmí ni Uncle Saubana, ṣùgbọ́n kò jẹ́ fi ìyẹn pa ayẹyẹ aládùúgbò jẹ. Ó dé fìlà rẹ̀, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá, kò sì ní in lọ́kàn láti yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Pásítọ̀ Eli ló yọ òun lẹ́nu. Ó gbé máíkì, ó ní, "Brethren, God is going to visit somebody at this particular point in time that we are in."

"Now!" ni Uncle Saubana wí láti ẹ̀yìn.

Kì í ṣe pé ó fẹ́ pariwo. Ó ti mọ́ ọn lára ni. Ẹni tó bá sọ gbólóhùn gígùn níbi tí ọ̀rọ̀ kan ti tó, àfi kí ó bá a gé e. Ṣùgbọ́n ìjọ ò mọ̀ pé àtúnṣe ni, wọ́n rò pé àsọtẹ́lẹ̀ ni. "Now!" ni gbogbo wọn gbè é. Sister Hephzibah bọ́ bàtà, ó sáré yí ṣọ́ọ̀ṣì po. Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ gbàgbé ìwàásù, ó ń fò sókè.

Nígbà tí ìsìn parí, Pásítọ̀ wá dì mọ́ ọn. "Bàbá, Ẹ̀mí ló gbé yín lónìí!"

"Rárá o, Pásítọ̀," ni Uncle Saubana dá a lóhùn. "Ọ̀rọ̀ yín ló gùn."

Ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Òṣogbo ni ìwà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, òun ló ń bá àwọn ènìyàn tẹ wáyà. Wáyà kì í ṣe lẹ́tà. Kíkà ni wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, owó ni wọ́n ń gbà lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ Saubana sì ni láti gé ohun tí àwọn ènìyàn bá kó wá. Bàbá kan dé lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ní Kano: pé ìyá rẹ̀ ń kí i, pé iṣu ta dáadáa lọ́dún yìí, pé ìjì ti ṣí òrùlé yàrá ẹ̀yìn, pé àbúrò rẹ̀ ti bímọ, pé bí àyè bá yọ, tí ọ̀gá rẹ̀ ò sì ní bínú, kí ó yà wá wò wọ́n. Saubana fara balẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọ "Come," ó sì tẹ̀ ẹ́.

Ẹkún ni ọmọ náà fi sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì Òṣogbo, ó ti rò pé òkú ló wà nílẹ̀. Bàbá rẹ̀ fi ìbínú já wọ ilé ìfìwéránṣẹ́. "Ṣé bí mo ṣe ní kí o wí nìyẹn?"

"Bàbá," ni Saubana wí, "ṣé kò wá ni?"

Mosúnmọ́lá, ìyàwó rẹ̀, ní àpẹẹrẹ tó dára ju ìyẹn lọ. "Àwọn ọkùnrin yòókù ń pè mí ní oyin, wọ́n ń pè mí ní ẹyinjú wọn," ni ó máa ń sọ. "Tèmi dé, ó bọ́ fìlà, ó ní, 'Marriage?' Mo ní, 'Maybe.' Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní ọmọ yìí mà mọ̀wé!"

Nígbà tí Uncle Saubana fẹ̀yìn tì, tí òun àti Mosúnmọ́lá sì wá bá Samirah ọmọ wọn ní Ellenwood, ó sọ garage ilé di kíláàsì. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, mọ́tò Samirah a wà níta, àga a wà nínú garage, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Nàìjíríà a sì wá kọ́ bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ kan rọ́pò ọ̀pọ̀. Ọwọ́ olùkọ́ kì í ṣófo. Àlùmọ́gàjí ńlá kan wà níbẹ̀, irú èyí tí télọ̀ ń lò, tó fi ń gé afẹ́fẹ́ nígbàkúùgbà tí gbólóhùn bá ti pọ̀ jù. Kẹ́!

Dàpọ̀, tó ń wa ọkọ̀ ẹrù ní Fairburn, ló jẹ ìyà àlùmọ́gàjí yìí jù. Ó máa ń pẹ́ dé.

"Uncle, ẹ má bínú, sà. The reason why I am late is due to the fact that—"

Kẹ́! "Because."

"Because the vehicle which I am driving—"

Kẹ́! "Truck."

"Because my truck refuse to start, and the man that is supposed to come and repair it—"

Kẹ́! "Excuse."

"Uncle, òótọ́ ni o! Ẹ pe mẹkáníìkì wò!"

"Sit."

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìdánwò ẹnu. A person who sells medicine? "Pharmacist!" Something that nobody can see? "Invisible!" A woman whose husband has died? "Widow!" Wọ́n a fi ayọ̀ pariwo rẹ̀ bí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n.

Ẹ má rò pé ó kórìíra ọ̀rọ̀ gígùn. Tó bá di Yorùbá, ó lè kí ọ lẹ́nu ọ̀nà títí ọbẹ̀ yóò fi tutù. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kò fẹ́ kí a fi ṣòfò. "Àlejò la jẹ́ nínú Gẹ̀ẹ́sì," ni ó máa ń wí. "Ẹ má tú ẹrù yín káàkiri ilé onílé. Ẹ wí i, kí ẹ jókòó." Èyí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé Salimat jẹ́.

Alẹ́ ni Salimat máa ń ṣiṣẹ́ nínú warehouse kan ní Fairburn. Bí ó bá fi máa délé láàárọ̀, Yasmin ọmọ rẹ̀ ti wọ bọ́ọ̀sì iléèwé, bí ọmọ bá sì fi máa dé, ìyá ti ń múra ibiṣẹ́. Orí fóònù ni wọ́n ti ń rí ara wọn. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà kan wà ní Stockbridge tó ń wá òṣìṣẹ́ ọ̀sán, iṣẹ́ tí Salimat sì mọ̀ dunjú nìyẹn: òun ló tọ́jú ìyá ìyá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn títí ìyá fi kú. Àmọ́ bí ó bá sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, "I am somebody that I use to be taking care of people that they are old" ni.

"Caregiver," ni Uncle Saubana wí, kẹ́! Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í múra rẹ̀ sílẹ̀. Ó gé e, ó tún un gé, títí kò fi sí ohun tó ṣeé gé mọ́.

Ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pé. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Joanna ló jókòó níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ife kọfí.

"Tell me about yourself."

"Caregiver."

"Okay. Who have you cared for?"

"Grandmother."

"And if a resident refuses to take a bath, what would you do?"

"Persuade."

"Why do you want to leave your present job?"

"Nights."

Joanna dúró díẹ̀ bóyá ó kù. Kò kù. "Any questions for me?"

"None."

Kí á sọ tòótọ́, kò sí èyí tó ṣì nínú àwọn ìdáhùn yẹn. Ṣùgbọ́n kọfí Joanna ò tíì tutù tí wọ́n fi parí. Ó pè lọ́jọ́ kejì, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé ẹni tó fẹ́ràn láti máa bá àwọn àgbàlagbà sọ̀rọ̀ ni àwọn ń wá.

Salimat gbé ẹkún wá sí garage. "Uncle, wọ́n ní mi ò lẹ́nu! Èmi! Èmi tí ìyá mi ń pè ní rédíò!"

Uncle Saubana gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀ sórí tábìlì. Kò sẹ́ni tó rí i kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

"Mistake," ni ó wí.

"Àṣìṣe ta ni, sà?"

"Mine."

Ní ọjọ́ Monday, ó wọ agbádá, ó ní kí Salimat wa òun lọ sí Stockbridge. Mosúnmọ́lá tẹ̀ lé wọn dé ìdí mọ́tò. "Bàbá Samirah, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ bá olóyìnbó jà o."

"Diplomacy," ni ó dáhùn, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Joanna bá wọn nínú yàrá àbáwọlé. "Good morning, sir. How can I help you?"

"Reconsider."

"I'm sorry?"

"Salimat."

"And you are...?"

"Teacher."

Joanna wo olùkọ́, ó wo akẹ́kọ̀ọ́, ó sì mọ ibi tí àìsàn náà ti wá.

Ibi tí wọ́n ti ń wo ara wọn báyìí, Salimat kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìyá àgbàlagbà kan wà lẹ́bàá fèrèsé, lórí àga onítáyà, ó kọjú sí ibi tí mọ́tò ń gbà wọlé. Miss Earline ni wọ́n ń pè é. Ojoojúmọ́ ló ń jókòó síbẹ̀, kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Kí Salimat tó ronú, orúnkún rẹ̀ ti kanlẹ̀. Kò tilẹ̀ rántí Gẹ̀ẹ́sì.

"Ẹ kú ìjókòó o, mà. Ẹ kú òtútù ilé yìí. Ẹ kú ojú lọ́nà."

Miss Earline ò gbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yíjú kúrò lójú fèrèsé. Ó wo obìnrin tó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó na ọwọ́, ó sì di tirẹ̀ mú.

"What did she say to her?" ni Joanna bi Uncle Saubana.

"Greeting," ni ó wí. Bí ó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ báyìí ló mọ̀ pé kò tó. Salimat gbójú sókè láti ilẹ̀, ó ń wò ó. Uncle Saubana wúkọ́. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn náà ló ya ẹnu, ó sì sọ Gẹ̀ẹ́sì tó gùn jù lọ láyé rẹ̀.

Ó ní lọ́dọ̀ tiwa, madam, bí a bá bá ènìyàn lórí ìjókòó, a ó kí i fún ìjókòó, bí ó bá dìde, a ó kí i fún ìdìde. Òjò ní tirẹ̀, oòrùn ní tirẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹrun, ẹni tó ti ìrìn àjò dé, ẹni tó ń se oúnjẹ lọ́wọ́, ẹni tó ra aṣọ, a kì í kọjá lára wọn láìkí wọn. Ó ní ẹni tó bá sì ń retí ènìyàn, tó ń wo ọ̀nà, a ó kí i fún wíwo ọ̀nà, because, madam, due to the fact that, in view of the fact that waiting is also work. Joanna fọwọ́ lẹ́rán, ó ń gbọ́.

Miss Earline náà ń gbọ́. "Ọmọkùnrin mi ni mo ń retí," ni ó wí fún Salimat ní Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀. "Ó pẹ́ tí mo ti ń retí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kí mi kú u rẹ̀ rí."

Joanna nu ojú rẹ̀ díẹ̀, ó ní ṣé Salimat lè bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

"Yes," ni Salimat wí, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ tú jáde: "Yes ma, thank you ma, God will bless you and your children and the people that they are living in this house!" Uncle Saubana ti ọwọ́ bọ àpò agbádá, níbi tí àlùmọ́gàjí wà. Òfìfo ni ọwọ́ náà jáde.

Nínú mọ́tò, Salimat ò lè pa á mọ́ra. "Uncle! Ẹ mà sọ̀rọ̀ lónìí o!"

"Emergency," ni ó wí, ó sì kọjú sí fèrèsé.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, nígbà tí ara Uncle Saubana kò le mọ́, Salimat ló ń yà wò ó ní Ellenwood bí ó bá ti ibiṣẹ́ dé, Yasmin lẹ́yìn rẹ̀. Á kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á kí i kú ara àìle, kú àmúmọ́ra, kú oògùn kíkorò, kú ọjọ́ tó gùn. Lọ́jọ́ kan tó rẹ̀ ẹ́, ó kàn ní, "Ẹ kú o, sà," ó sì fẹ́ dìde.

Uncle Saubana la ojú kan. "Incomplete," ni ó wí.

Lọ́jọ́ fìdáù rẹ̀, lẹ́yìn tí Lèmọ́ọ̀mù ti ṣe àdúà, Mosúnmọ́lá ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n rántí ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ o. Àlùmọ́gàjí náà wà lórí itan Mosúnmọ́lá. "Generous," ni ẹnì kan wí, ó jókòó. "Stubborn," ni Samirah wí, gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Dàpọ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ní, "Punctual." Ẹ̀rín tún pọ̀ sí i. Pásítọ̀ Eli gba máíkì, ó ní, "At this particular point in time," ó sì dúró, ó ń wo ẹ̀yìn. "Now," ni gbogbo ilé bá a sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ọ̀rọ̀ kan sì wà tí gbogbo wọn ti fi ayọ̀ pariwo rẹ̀ rí nígbà ìdánwò ẹnu nínú garage, tí kò sẹ́ni tó jẹ́ fi pe Mosúnmọ́lá lọ́jọ́ náà.

Salimat ló kẹ́yìn. Kò dojú kọ àwọn ènìyàn, iwájú Mosúnmọ́lá ló lọ kúnlẹ̀ sí.

"Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ẹ kú ilé tó dákẹ́. Ẹ kú oúnjẹ ẹnì kan. Ẹ kú àga inú garage tí ẹ ò tíì fẹ́ kó kúrò. Ẹ kú..."

Ó dákẹ́ níbẹ̀, nítorí ó ti gùn, ara rẹ̀ sì ti ń retí ìró kan. Gbogbo ilé náà ń retí rẹ̀. Ojú gbogbo wọn bọ́ sára àlùmọ́gàjí. Mosúnmọ́lá wò ó, ó fi ọwọ́ méjèèjì bò ó mọ́lẹ̀.

"Continue," ni ó wí.