Mo Fowó Ra Ewúro Lónìí

Ẹ gbà mí o! Èmi ọmọ Abereke ni mo fowó ra ewúro lónìí.

Ọ̀la la máa ṣe Ìrékọjá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ewúro la sì máa ń fi jẹ búrẹ́dì aláìwú. Mo bá lọ sọ́jà Mahintedo, níbi táwọn àgbẹ̀ òkè ń kó ẹrù oko wá. Mo ní kí ìyá eléwúro dín owó.

Ó ní, "Àǹtí, tó bá wọ́n lójú yín, ẹ lọ já a lẹ́yìnkùlé yín."

Mo ní, "Òkun ti gbé ẹ̀yìnkùlé wa lọ, mà."



Ewúro ìyá mi ní Abereke ni mo rántí. Gbogbo àdúgbò ló ń já a, ẹnikẹ́ni kì í tọrọ. Ìyá mi á kàn máa pariwo láti ilé ìdáná pé, "Ẹ má ṣẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ o!" Ọkọ̀ ojú omi ló ń gba ibẹ̀ kọjá báyìí.

Ìyá eléwúro wá fa igi ewúro kan yọ, ó kì í sínú báàgì mi. "Ẹ lọ gbìn ín."

Mo dúpẹ́. N ò lè sọ fún un pé yàrá kan ni mo háyà, n ò nílẹ̀. Inú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti jò ni mo gbìn ín sí, lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀yin ará Abereke, ta ni ewúro ilé rẹ̀ ṣì dúró? Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó já a, ẹ yà á ní fọ́tò fún mi.